Fòníkú-fọ̀ladìde: Oògùn olówó bílíọ̀nù ti jáde lókè òkun, èwo ló lè dé Pedro?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ tó ń pinnu irú ìtọ́jú tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa sanwó rẹ̀ fáwọn aráàlú fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé ìwòsàn NHS máa fi Casgevy tọ́jú àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra gidi. Àwọn tí wọ́n retí pé yóò rí i gbà lọ́dún kan kò ju bí àádọ́ta lọ. Iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.65 pọ́n-ùn fún ẹnì kan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i láti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2023, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni. Ẹni tó bá ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,500 náírà yóò rí i pé owó náà lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta náírà.

Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dé Pedro. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, pé wọ́n ti rí oògùn ẹ̀ o. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS á gbọ́, á sì béèrè ohun tó yẹ kó béèrè: níbo ni wọ́n ti ń tà á? Ìdáhùn rẹ̀ kò kúrú, torí oògùn àrùn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, mẹ́rin ló ti kọjá lójú àwọn èèyàn láàárín ogún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan jáde nílẹ̀ Yorùbá, ó sì kú ikú owó. Ọ̀kan dé tayọ̀tayọ̀ láti Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n sì dán an wò níbi tí ibà wà, wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ọ̀kan ni olówó bílíọ̀nù yìí. Èyí tó kù ti dàgbà ju bàbá àgbà gbogbo wọn lọ, òun gan-an ló sì wà nílé kẹ́mísì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀?

Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí tó Nàìjíríà. Ìṣirò tí àwọn dókítà sábà máa ń lò ni pé bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ níbí lọ́dọọdún, àti pé nínú èèyàn mẹ́rin, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS. Kí ilé ìwòsàn tó dé, àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n lójú. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi hàn bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń kú lọ lónìí, tó sì tún dìde lọ́la. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbà pé àrùn yìí wà lára ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fi orúkọ yẹn pè.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó dáa rí roboto, ó sì rọ̀. Ó lè ká ara rẹ̀ kò, kó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Hemoglobin tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn ọ́síjìn kiri ara. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ibì kan péré ló yàtọ̀ nínú èròjà yẹn. Vernon Ingram fi èyí hàn ní Cambridge lọ́dún 1956: ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì jókòó nínú ìlà gígùn tí wọ́n fi hun hemoglobin. Ẹyọ kan yẹn ti tó. Bí hemoglobin náà bá ti sọ ọ́síjìn tó gbé kalẹ̀, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, á di okùn, okùn náà á ti sẹ́ẹ̀lì láti inú títí yóò fi gan, tí yóò sì tẹ̀ bíi dòjé.

Ẹni tó bá mọ àwọn òpópónà tó wà láàárín Pedro sí Bàríga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò mọ ohun tó kàn. Bí dáńfó kan bá dábùú ọ̀nà, kì í ṣe òun nìkan ló dúró. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, ilé tó wà níwájú kò sì ní rí ohun tó ń retí gbà. Nínú ara, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yẹn ló ń dun ọmọ tó fi ń ké lóru: eegun itan, ẹ̀yìn, àyà. Bó bá jẹ́ inú ọpọlọ ni ọ̀nà ti dí, rọpárọsẹ̀ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ní rọpárọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ èyí títí ó fi ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ìyá ti máa ń rí tipẹ́: ọmọ náà á dára gan-an fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí, kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Janet Watson, dókítà ọmọdé kan ní Brooklyn, ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1948 pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kì í yára tẹ̀ bíi dòjé, torí pé irú hemoglobin tí ọmọ ń lò nínú oyún ṣì kún inú rẹ̀. Irú yẹn kì í so mọ́ra wọn. Àmọ́ bí ọmọ bá ti ń tó bí oṣù mẹ́fà, ara á pa suwíìṣì hemoglobin inú oyún, á tan ti àgbà. Ti àgbà ló ní àléébù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ suwíìṣì yìí sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni oògùn olówó bílíọ̀nù àti kápúsù ilé kẹ́mísì ti pàdé.

Orín, ìyèré àti kànáfùrù

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń wá oògùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs-Sodeye kọ ọ́ jáde láti Yunifásítì Ifẹ̀ pé omi tí wọ́n rẹ láti inú gbòǹgbò orín àtá ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà roboto nínú ìgò àyẹ̀wò. Orín àtá náà ni, èyí tí àwọn èèyàn ń rùn láàárọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń yẹ orín wò nígbà yẹn nítorí kòkòrò ẹnu. Ìwádìí náà lọ yí ká ayé, àmọ́ kò di oògùn tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn. Inú ìgò yàtọ̀ sí inú ara.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù wá lẹ́yìn náà. Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní àgbo kan tí ìdílé rẹ̀ fi ń tọ́jú àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ó gbé e lọ fún NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ síwèé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe máa ń gba ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbà láìdárúkọ wọn yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú àgbo náà, kò sì sí àjèjì níbẹ̀: hóró ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n fi omi tútù rẹ ẹ́, wọ́n gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, wọ́n rọ ọ́ sínú kápúsù, wọ́n pè é ní Niprisan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe ohun tí ẹni tó ń ta àgbo kì í ṣe. Wọ́n pín àwọn aláìsàn 82 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba Niprisan fún oṣù mẹ́fà, àwọn kan gba kápúsù tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ ipò. Aláìsàn kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, dókítà tó ń wò ó kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n tú èsì náà, ìrora líle ti dínkù lásìkò tí wọ́n fi wà lórí Niprisan, wọn kò sì rí ewu ńlá kankan. Èsì yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ lọ́dún 2001. Kò wo àrùn náà sàn o, ìrora ló dín kù.

Lọ́dún 2002, ilé-iṣẹ́ kan láti New Jersey ní Amẹ́ríkà, Xechem, gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe é. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Sheda, lẹ́bàá Àbújá. NAFDAC fún wọn láṣẹ, wọ́n sì gbé oògùn náà jáde ní oṣù Keje ọdún 2006, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Ìdùnnú pọ̀. Àmọ́ owó ìṣiṣẹ́ kò tó, gbèsè ń gorí gbèsè, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, Xechem lọ sí kọ́ọ̀tù ní Amẹ́ríkà pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Nicosan sì kúrò lórí àtẹ.

Àwọn tó ti ń lò ó, tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kò rí i rà mọ́. Kì í ṣe pé ìyèré tán lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé oògùn náà ṣèèyàn léṣe. Ohun tó pa á ni pé ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣubú, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti gbà á mú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi irú ewé kan náà ṣe èyí tí wọ́n pè ní SCD-101, wọ́n sì ti dán an wò lára àwọn aláìsàn díẹ̀, ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ra àgbo lójú títì mọ̀ ni pé ríro ìyèré àti kànáfùrù pọ̀ nílé kò dọ́gba pẹ̀lú Niprisan. Ìwọ̀n rẹ̀, bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́, ìmọ́tótó omi rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àyẹ̀wò yẹn. Ẹni tó bá sì sọ pé ohun tí òun ń tà ń sọ SS di AA, irọ́ ló ń pa. Kò sí àgbo tó ń yí genotype padà.

Kápúsù láti Awẹ́

Oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea ti wà láti ọdún 1869, nígbà tí àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ pò ó pọ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí wọ́n tó máa fi tọ́jú irú jẹjẹrẹ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ó ń tan suwíìṣì yẹn padà díẹ̀, tí hemoglobin inú oyún á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára àgbàlagbà. Lọ́dún 1995, àyẹ̀wò ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó dín ìrora kù gan-an, lọ́dún 1998 ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i fún àwọn àgbà tó ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Kí ló wá dé tí kò fi tàn ká ibí látìgbà yẹn? Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì nídìí. Oògùn yìí lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Amẹ́ríkà kò ní ibà, àwa ní. Ọ̀pọ̀ dókítà níbí ń rò ó pé bóyá kí ọmọ tó ń lò ó kó ibà, kó sì kú. Ìwé tí wọ́n kọ ní Baltimore kò lè dá wọn lóhùn.

Ọ̀nà kan péré ló wà láti mọ̀, kí wọ́n dán an wò níbi tí ẹ̀fọn wà. Wọ́n ṣe é fún ọmọ 606 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, èsì náà sì jáde nínú New England Journal of Medicine ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ibà kò pọ̀ sí i. Ó dínkù sí ìdajì. Fún ọgọ́rùn-ún ọmọ láàárín ọdún kan, ìgbà tí ibà ń kọ lù wọ́n já wálẹ̀ láti bíi 47 sí 23. Gbígba ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ láti 43 sí 14. Ikú, tó jẹ́ bí mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wá di bí ọ̀kan.

Ti Nàìjíríà tilẹ̀ tún sún mọ́lé. Ní Kánò àti Kàdúná, àwọn dókítà tí Shehu Abdullahi ti Kánò àti Michael DeBaun ti Yunifásítì Vanderbilt ṣáájú wọn wá àwọn ọmọ tí rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀bátí ọmọ, tó ń fi ìró mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ. Bó bá ń sáré jù, ọ̀nà ti ń fún nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára lóṣooṣù, torí ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1998 fi hàn pé láìṣe bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló máa ń ní rọpárọsẹ̀ láàárín ọdún kan. Ta ló fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ gbà lóṣooṣù ní Nàìjíríà, láìdúró, fún ọdún mẹ́wàá?

Nítorí náà wọ́n lo hydroxyurea dípò ẹ̀jẹ̀. Ọmọ 220 ni wọ́n pín sí méjì: ìdajì gba ìwọ̀n kékeré, ìdajì gba èyí tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Èsì tó jáde lọ́dún 2022 ni pé àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ kò pọ̀ níhà méjèèjì, ìwọ̀n kékeré kò sì yàtọ̀ sí ìwọ̀n ńlá ní ti rọpárọsẹ̀. Àmọ́ àwọn tó gba ìwọ̀n kékeré ń wọ ilé ìwòsàn ju àwọn yòókù lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí òbí fúnra rẹ̀ gé oògùn kù kó lè pẹ́ lọ́wọ́.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lọ gbé kápúsù tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ yẹn wá. Bond Chemical, ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ló ń ṣe é. Ìpínlẹ̀ kan náà tí àgbo Ogunyale ti wá ni kápúsù yìí ti ń jáde.

Oògùn tí Áfíríkà dán wò tí kò yege

Àwọn kan lè ní, ṣé gbogbo oògùn tí wọ́n bá ti dán wò níbí ló máa ń dáa ni? Ọ̀rọ̀ Oxbryta dáhùn. Lọ́dún 2019 ni Amẹ́ríkà sáré fọwọ́ sí i, torí pé ó ń mú hemoglobin di ọ́síjìn mú, kó má bàa tètè so mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń pọ̀ sí i lórí ìwé àyẹ̀wò. Ó dára lójú.

Wọ́n wá dán an wò fún àwọn ọmọ tó wà nínú ewu rọpárọsẹ̀, 236, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó fi mọ́ Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà àti Íjíbítì. Àwọn mẹ́jọ kú lára àwọn tó gba oògùn náà. Méjì ló kú lára àwọn tí kò gbà á. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Pfizer kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé.

Ó le láti gbọ́, pàápàá fún òbí. Ó sì yẹ kí èèyàn rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọdún bíi márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ oògùn náà fún aláìsàn níbi tí kò sí ibà. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ni àrùn náà ni nǹkan hàn síta. Oògùn kan náà kò rí bákan náà níbi gbogbo: hydroxyurea tí wọ́n ń bẹ̀rù dáa ju bí wọ́n ṣe rò lọ, Oxbryta tí wọ́n ń yìn kò rí bẹ́ẹ̀.

Suwíìṣì tí wọ́n gé

Casgevy ńkọ́? Lọ́dún 2008, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin ní Boston rí jíìnì tó ń pa suwíìṣì hemoglobin inú oyún. BCL11A lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti mọ ẹni tó ń paná, ohun tó kù ni kí wọ́n dá a dúró. Irinṣẹ́ tó ń gé jíìnì, CRISPR, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna lọ́dún 2020, ni wọ́n fi ṣe é.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo o. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn lé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbà wọ́n, wọ́n á gbé wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé BCL11A nínú wọn, èyí tó lè gba oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, aláìsàn á gba oògùn líle, irú èyí tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, tí yóò pa mùdùnmúdùn tó kù láti pèsè àyè. Ìgbà náà ni wọ́n á dá ti tuntun padà. Ó lè pàdánù irun rẹ̀, ó sì lè má lè bímọ mọ́. Ó sì máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú yàrá tí kòkòrò kò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn 31 tí wọ́n lè wo èsì wọn nígbà tí Amẹ́ríkà ń fọwọ́ sí i, 29 lo ọdún kan ó kéré tán láìní ìrora líle. Ohun àgbàyanu ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ní iná tí kì í kú, ẹ̀jẹ̀ tí kì í tán àti yàrá bẹ́ẹ̀ ni ó nílò, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì yí padà. Ẹni tó bá bímọ lẹ́yìn rẹ̀ ṣì lè fi S rẹ̀ fún ọmọ.

Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn pẹ̀lú ti ọmọ ìyá ẹni ti wà ṣáájú rẹ̀, ilé ìwòsàn olùkọ́ni UBTH ní Benin sì ti ṣe é ní Nàìjíríà láti ọdún 2011, àmọ́ ó di dandan kí ti ẹni tó fẹ́ fún aláìsàn bá tirẹ̀ mu, ọ̀pọ̀ kì í sì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìwádìí ń lọ báyìí ni bí irinṣẹ́ yìí yóò ṣe wọ ara láìgbé mùdùnmúdùn jáde rárá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà àti àjọ Bill Gates ṣèlérí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láti wá irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún fòníkú-fọ̀ladìde àti HIV, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè lò. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n fi ọ̀rá tín-tìn-tín wé irinṣẹ́ náà, bí wọ́n ṣe fi wé abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà kan, kí wọ́n gún un, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé mùdùnmúdùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń gba ohun tó bá jẹ́ ọ̀rá mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Bó bá ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, ilé ìwòsàn tó lè gún abẹ́rẹ́ náà á pọ̀ ju èyí tó lè ṣe ti Casgevy lọ.

Láti Pedro sí Ìdí-Àràbà

Ọmọ tó wà ní Pedro lónìí kò ní láti dúró de ìyẹn. Ohun tó wà nílẹ̀ kò gbayì lórí WhatsApp: folic acid lójoojúmọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà wọlé, pẹnisílìn fún ọmọ kékeré, omi mímu dáadáa, hydroxyurea bí dókítà bá kọ ọ́. Hydroxyurea kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò látìgbàdégbà, aboyún tàbí ẹni tó fẹ́ lóyún sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú.

Ẹ̀rọ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ wà ní ilé àjọ Sickle Cell Foundation tó wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyánjú ló dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1994. Ẹni tó bá jáde láti Pedro sí Ìkòròdú Road, tó wọ mọ́tò dé Ojúẹlẹ́gba, ti fẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Àyẹ̀wò náà kò dunni, wọn kì í gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Láti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rìndínlógún ló yẹ kí ọmọ SS máa ṣe é lọ́dọọdún.

Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni kí òbí mọ̀ ní kùtùkùtù. Àyẹ̀wò tuntun wà tí kò nílò iná tàbí ẹ̀rọ ńlá: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ọmọ, bébà kékeré kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu ti Yunifásítì Àbújá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Gwagwalada, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é fáwọn ọmọ tí ìyá wọn gbé wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì tí wọ́n kọ jáde lọ́dún 2020 sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ìyá tó bá gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ ní Ṣómólú tàbí Bàríga lè béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ibi tí òun ti lè ṣe é. Bí ọmọ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́, kó sọ ọ́ fún wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì tó wà lára ọmọ lè mú kí SS jáde bí AS lórí ìwé àyẹ̀wò fún bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.